Ọkọ̀ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ènìyàn Dìde

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Ìdíọ̀mọ̀. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu kó tètè wú u tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí kì í dúró de ẹni tó ń wúkọ́. Lánàá ni àlejò kan rí ọkọ̀ kékeré tí a fi ń ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ létí ọ̀sà wa, ó sì bi mí bóyá ibi tí ẹran ti ń jẹun ni. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ mo rántí pé ẹ̀yin tí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín àlejò náà kò mọ̀ jù ú lọ. Ta ni nínú yín ló lè sọ fún mi ìdí tí ọkọ̀ náà fi rí bó ṣe rí? Ó gùn tó ènìyàn tó dùbúlẹ̀, ó fẹ̀ tó èjìká ọkùnrin kan, etí rẹ̀ kò ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjókòó nínú rẹ̀. Èmi Ọdẹ́níran ni ìdí rẹ̀. Àṣìṣe mi ni wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí ẹranko tó gbọ́ orúkọ mi tí kò wá ibi gbà. Ẹfọ̀n mọ̀ mí, ìmàdò mọ̀ mí. Ẹkùn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bó bá ti gbóòórùn tábà mi, ọ̀nà ibòmíràn ló máa ń gbà kí a má baà pàdé. Ẹ má fi ojú bẹ́ẹ̀ wò mí. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ẹkùn náà. Ṣùgbọ́n ọdẹ ilẹ̀ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa omi kò ju pé a ń mu ún, a sì ń fi í wẹ̀. Ẹfúnwùnmí ìyàwó mi ló jẹ́ ọmọ agbẹ́kọ̀. Bàbá rẹ̀, Ọnàdípẹ̀, ló ń gbẹ́ gbogbo ọkọ̀ tí àwọn apẹja wa ń gbé jáde, ọkọ̀ ńláńlá tó ń gba ènìyàn mẹ́jọ pẹ̀lú àwọ̀n wọn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni bàbá àna mi yìí ní. Ọnàjídé lorúkọ rẹ̀, ìyàwó mi ló tẹ̀ lé lẹ́yìn, ó sì fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ kí àbúrò ìyàwó fẹ́ràn ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ apẹja yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa fi ń lépa pẹ́pẹ́yẹ odò nígbà ọyẹ́, nígbà tí wọ́n bá ya dé láti apá òkè lọ́hùn-ún. Ìdójútì gbáà ni. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ á ti rí ọkọ̀ náà láti ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa jẹun wọn lọ, ó di ìgbà tí ọdẹ bá ti ń fi ọbẹ̀ wọn lá àlá kí wọ́n tó fò. Ọkùnrin mẹ́rin á jáde láàárọ̀, wọ́n á padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ kan àti ìjà márùn-ún. Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, mo ní kí Ọnàjídé tu ọkọ̀ fún mi. Ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ kan wà níwájú wa létí eèsún, wọn kò tí ì rí wa. Ọdẹ ilẹ̀ kì í jókòó yìnbọn. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó jókòó yìnbọn, ìdí ló fi yìn ín. Ọnàjídé sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n má dìde nínú ọkọ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo ni àtùkọ̀ ti ń kọ́ ọdẹ ní iṣẹ́ ọdẹ. Mo dìde, mo yẹ̀gbẹ́, mo yìnbọn. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn tì mí sẹ́yìn, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn apẹja tó wà nítòsí fa èmi yọ. Ọnàjídé ni a kò rí.

Wọ́n fi àwọ̀n wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sà wa kì í tọ́jú òkú, bó pẹ́ bó yá á gbé e wá sí èbúté, ṣùgbọ́n kò gbé ẹnikẹ́ni wá. Lọ́jọ́ keje ni apẹja kan sáré wálé pé òun rí pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń fò lọ, tí ìgbànú Ọnàjídé wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà mi orí. Wọ́n ní ọmọ náà kò kú, pé àwọn ará Ìlú Abìyẹ́ tó wà lẹ́yìn eèsún ló mú un. Kò sì sí ọkọ̀ tó dé ìlú náà rí, nítorí eèsún ibẹ̀ ki débi pé ọkọ̀ apẹja kò lè wọ̀ ọ́.

Mo lọ bá bàbá àna mi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀ nínú èérún igi. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó ṣẹ àna rẹ̀ tó sì wá dọ̀bálẹ̀, kì í dìde títí àna á fi ní kó dìde. Ọnàdípẹ̀ kò ní kí n dìde. Ó mú okùn, ó fi wọ̀n mí láti àtàrí dé gìgísẹ̀, ó tún fi wọn èjìká mi, ó ta kókó méjì sí okùn náà, ó gbé àáké kọ́ èjìká, ó kọrí sí ibi tí igi ọ̀mọ̀ wà. Ẹfúnwùnmí dé bá wa níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń fi okùn wọn ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ló bá káwọ́ lérí. Ó rò pé pósí ni wọ́n fẹ́ kàn fún mi. Ká má parọ́, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ní ilé kejì ti bá a sunkún tipẹ́ kó tó wá rántí bi í pé ta ló kú.

Àwọn aládùúgbò ló fà mí dìde nígbà tó yá. Àna mi kọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbẹ́ ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ó fi koríko gbígbẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún mi ní àjẹ̀ kéékèèké méjì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì. Ó ní kí n dojú bolẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbà mí bí èèpo ṣe ń gba ẹ̀pà. Ìgbà yẹn ló tó là á fún mi.

Ó ní, “Mo ṣe é kó o má lè dìde nínú rẹ̀. Bó o bá dìde, omi lo máa bá. Lọ mú ọmọ mi wá.”

Ó yí padà, ó wọlé. Èmi náà rọra fa ìbọn mi wọ abẹ́ ikùn, nítorí ọdẹ tí kò ní ìbọn kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ kí ènìyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì wa omi.

Ẹ̀yin ará, ẹ kò mọ bí ayé ṣe ń rí fún ẹni tó dojú bolẹ̀. Ẹja ń wò mí lójú kòrókòró. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jókòó lórí ewé òṣíbàtà ga jù mí lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò tilẹ̀ kúrò lọ́nà. Èmi tí ẹkùn ń yà fún ni mo yà fún ọ̀pọ̀lọ́.

Ìlú Apọ́nnilé ni mo kọ́kọ́ dé. Orí òpó gíga ni wọ́n ń gbé nínú omi níbẹ̀, ọrùn wọn gùn bí ti lékèélékèé, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n máa ki àwọn tó ń kọjá lọ. Mo rí fìlà bí ogún tó léfòó lábẹ́ òpó wọn, mo rí bàtà, mo rí agbádá tí omi ti jẹ. Mo bi ara mi pé àwọn tó ni ẹrù wọ̀nyí ńkọ́. Kí n tó rí èsì, èyí tó ga jù nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí:

“Ọdẹ́níran, ọmọ a-rìn-nígbó-bí-ẹni-ó-nigbó,
Ọmọ a-fẹ̀yìn-ti-ìrókò-ṣọ́-ẹfọ̀n,
Bàbá rẹ kì í sá, ìyá rẹ kì í sunkún,
Ta ló wá ní kó o dùbúlẹ̀ bí aláìsàn?”

Orí mi wú. Ẹni tí wọn kò bá ki oríkì rẹ̀ rí nìkan ni yóò bá mi wí. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó gun ẹ̀yìn mi bọ̀, igbá àyà mi sì ti kúrò nílẹ̀ ọkọ̀ kí n tó mọ̀. Mo ti fi ìgbúnwọ́ kan tẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi lóòró bí ọkùnrin. Ọkọ̀ fì, omi tútù wọ etí mi, ìgbà náà ni mo wá mọ ibi tí àwọn tó ni fìlà wà. Ìyìn ló mú wọn dìde, omi ló gbà wọ́n. Mo fi àyà lu ilẹ̀ ọkọ̀ padà, mo bu etí ọkọ̀ náà jẹ kí n lè rí nǹkan dì mú, mo sì dá wọn lóhùn láàárín eyín pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run, pé kí wọ́n bá mi ki ẹlòmíràn. Wọ́n kì mí dé ìran kẹrin bàbá mi. Mo ń sunkún, mo ń wa omi lọ. Kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ̀ rí láyé mi.

Ẹnu eèsún ni mo dé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀, iwin kan sì jókòó dí i. Onírùngbọ̀n-Ojúoró ni wọ́n ń pè é. Ojúoró ló hù ní àgbọ̀n rẹ̀ dípò irùngbọ̀n, ó tẹ́ rẹrẹ lójú omi, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjá láìjáàlọ́ òun. Mo ní kó pa á. Ó ní kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé àgbàrá òjò ni, pé ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ìdíọ̀mọ̀ mọ èyí, pé bó bá jẹ́ irú àlọ́ tó ní nìyẹn kó yáa kúrò lọ́nà kí n ríbi kọjá. Ó ní mo gbà á. Ó wá tẹ orí wálẹ̀, ó wo inú ọkọ̀ mi fínnífínní, ó bi mí pé nínú gbogbo ohun tí mo gbé, èwo ló wúwo jù.

Mo ní ìbọn mi ni. Ó mi orí, irùngbọ̀n rẹ̀ sì mi pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní ara mi ni. Ó ní ọkọ̀ gbé ara mi láìkérora. Mo ní oògùn tó wà lára ẹ̀wù mi ni, torí iye rẹ̀ kò kéré. Ó ní omi ti fọ gbogbo rẹ̀ dànù láti Ìlú Apọ́nnilé, pé ẹ̀wù lásán ni mo wọ̀. Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí n kò bá gbà á, kí n padà sílé.

Mo fi orí lé ilẹ̀ ọkọ̀. Oòrùn ń pa mí lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé, n kò tí ì fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo ti sọ pé ọkọ̀ dà. Mo ti sọ pé afẹ́fẹ́ fẹ́. Níwájú ìyàwó mi pàápàá, mo sọ pé ìbọn ló le jù.

Mo ní, “Ọmọ ọlọ́mọ tí mo dà sómi ni. Ó ní kí n má dìde, mo dìde. Òun ni mo ń gbé kiri.”

Omijé iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú irùngbọ̀n, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì sá. Ó ní òun ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀sà ti wà, pé àwọn ọdẹ kì í gba àlọ́ yẹn. Ó yẹ̀gbẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ gba ìbọn, ó ní ohun bẹ́ẹ̀ kò wọ ìlú tí mo ń lọ. Mo gbé e fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó dùn mí ju eyín tí wọ́n fà yọ lọ.

Báyìí ni mo ṣe gba inú eèsún kọjá. Ọkọ̀ náà ń yọ̀ bí ejò láàárín àwọn igi eèsún, ibi tí ọkọ̀ apẹja ì bá ti há. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ohun tí bàbá àna mi gbẹ́ kì í ṣe kékeré. Ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ kan lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n rò pé ìtí koríko ni mí, ọ̀kan tiẹ̀ gun ẹ̀yìn mi, ó sinmi díẹ̀, ó ṣe ohun tí ẹyẹ ń ṣe, ó lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.

Ìlú Abìyẹ́ rèé. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ti wọlé, wọ́n á bọ́ ìyẹ́ wọn, wọ́n á fi kọ́ èèkàn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á di ènìyàn. Ìrìn wọn nìkan ni kò yí padà. Ọba wọn àti ìjòyè wọn, gbogbo wọn ló ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ẹni tó ru omi. Obìnrin ló jẹ ọba níbẹ̀, Ìyá Abìyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fa ọkọ̀ mi dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀. N kò gbé orí sókè.

Ó wò mí títí. Ó ní òun ti rí ọdẹ tó dúró, òun ti rí ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni ọdẹ àkọ́kọ́ tó fi àyà bolẹ̀ láti ilé rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, pé ìyẹn nìkan ni kò jẹ́ kí òun ní kí wọ́n rì mí. Ó bèèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní mo wá mú Ọnàjídé. Ó ní kí wọ́n pè é.

Ẹ̀yin ará, ọmọ náà jáde, ó sanra. Wọ́n ti fi í ṣe agbẹ́nà ìlú, ó ń gbẹ́ àpótí àti ọpọ́n fún wọn, èérún igi wà nírun rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ̀, ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò lójú mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sóhun tó ṣe é, pé òun fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mi mú lọ́jọ́ náà kí n má baà ṣubú, ṣùgbọ́n mo wúwo. Àṣé bó ṣe bọ́ sómi nìyẹn, èmi ló ń gbà sílẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀sà gbé mi mì.

Ìyá Abìyẹ́ ní kí a gbọ́. Ó ní, “Ọmọ mẹ́ta ni ìbọn rẹ mú nílé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò pa ẹni yìí. Mo fi í sí àyè wọn kí ilé má baà dá páropáro. Bó bá lọ, ta ni yóò jókòó síbẹ̀?”

Mo wo ọkọ̀ mi. Ẹnìkan ló gbà, kò gba ènìyàn àti ọmọ ológbò. Ọnàjídé ti mọ ohun tí mo ń rò, ó sì ti ń kọ̀. Ó ní mo ní ìyàwó nílé, pé ẹ̀gbọ́n òun ni ìyàwó náà, pé òun kò lè padà lọ sọ ọ́ di opó. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò ní ọmọkùnrin mìíràn. A fà á títí, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èmi nínú rẹ̀. Níkẹyìn mo ní, “Ẹni tó dìde ló yẹ kó jókòó.” Mo jáde nínú ọkọ̀, mo dì í mú kó wọlé. Ó kéré sí mi díẹ̀, mo fi koríko dí àyè tó ṣẹ́kù. Ó ń sunkún bó ṣe ń wa omi lọ. Èmi dúró létí omi títí n kò fi rí i mọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti dúró gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nílùú náà, ẹ má sọ ọ́ létí àwọn ọdẹ. Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n kó fún mi pé kí n máa tọ́. Mo ń bọ́ wọn láàárọ̀, mo ń kó wọn lọ wẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n ti mọ́ mi lára, tí wọ́n ń sùn lé ẹsẹ̀ mi, àánú wọn ṣe mí. Ẹni tó bá bọ́ ẹran kò lè fi ojú ọbẹ̀ wò ó mọ́. Mo wá ń kọ́ wọn ní ìró tí ẹ̀tù máa ń ṣe kí ìbọn tó dún. Mo fi bí irin ṣe ń tàn nínú oòrùn hàn wọ́n, mo sì sọ fún wọn pé ọdẹ tó bá mu tábà, òórùn rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹ̀yin ọdẹ òde òní tí ẹ ń sọ pé pẹ́pẹ́yẹ ọ̀sà wa gbọ́n jù, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni tíṣà wọn.

Ṣùgbọ́n ilé ń wù mí. Bí mo bá rántí ohùn Ẹfúnwùnmí, mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé kí àwọn ọmọ yẹn má baà rí mi. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn dé, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. N kò retí ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò wá mi? Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti rí ọmọ rẹ̀ gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ náà sáré wá bá mi pé ìtí koríko méjì ń bọ̀ lójú omi, pé ọ̀kan ń fa èkejì. Mo jáde. Mo rí ọkọ̀ tí mo gbé wá, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ìdí òmíràn tó jọ ọ́. Nínú ti iwájú, mo rí orí kan tó funfun gbòò.

Bàbá àna mi ni. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí gbogbo Ìdíọ̀mọ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún, òun ló fi àyà bolẹ̀ láti ilé wá sí ibi tí mo wà. Ọ̀pọ̀lọ́ ga jù ú lọ lọ́nà. Àwọn Apọ́nnilé ti ki òun náà, kò dìde. Kí ni Onírùngbọ̀n-Ojúoró bi í, kí ló sì fi dáhùn? Kò sọ fún mi títí ó fi kú, n kò sì bi í. Mo sáré wọ inú omi, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kí ayé má baà sọ pé àna mi dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ojú wa wá kọ ara wọn nínú omi, èmi nínú ẹrẹ̀, òun nínú igi.

Ìyá Abìyẹ́ jáde wá. Ọnàdípẹ̀ fi ọwọ́ kan fa àpò kékeré kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tú u. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ni, igi ọ̀mọ̀ ló fi gbẹ́ wọn, ó ti fi epo pa wọ́n lára, ó sì so ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn, bí a ti ń ṣe fún ère ìbejì tó bá ti lọ. Ó ní òun gbọ́ láti ẹnu ọmọ òun pé mẹ́ta ni. Ó ní òun kò lè dá wọn padà, ṣùgbọ́n ìyá wọn lè máa rí nǹkan gbé.

Obìnrin náà gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ra ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn. Ó tú aṣọ ìdí rẹ̀, ó fi gbá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ó sì tún un ró. Lẹ́yìn náà ló ní irun funfun kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀ níwájú òun, pé kí bàbá náà máa mú ẹni rẹ̀ lọ. Ó wọlé láìwẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tí mo tọ́ bá mi dé ibi tí omi ti jìn.

Ìgbà tí ó ku èmi àti àna mi ló tó bá mi sọ̀rọ̀, n kò sì tí ì gbé ojú sókè.

Ó ní, “Ọjọ́ tí mo fi okùn wọ̀n ọ́, inú ló ń bí mi. Ọkọ̀ àlọ ni mo gbẹ́ fún ọ, n kò ro ti àbọ̀. Bó o bá bá omi lọ, mo ní kó o máa lọ. Nígbà tí Ọnàjídé wá dé, inú mi dùn, mo jókòó láti jẹun, oúnjẹ kò lọ. Àṣé ọmọ méjì ni mo rán sódò, ọ̀kan ló padà. Dárí jì mí, Ọdẹ́níran. Wá dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, ká máa lọ sílé.”

Mo sunkún bí ọmọdé. Mo wọ inú ọkọ̀ mi, a wa omi lọ, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, títí a fi rí èéfín ìlú. Gbogbo ènìyàn ti wà ní èbúté. Ẹfúnwùnmí ti wọ inú omi dé àyà, Ọnàjídé sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn bàbá náà ti gan nígbà náà, kò lè dá dìde. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà níbẹ̀, apá rẹ̀ le, ó sì ti na ọwọ́ sí i. Ọnàdípẹ̀ kò gbá a mú. Èmi ni ó na ọwọ́ sí.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn agbẹ́kọ̀ wa kò ti gbẹ́ ọkọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo mọ́. Ara igi kan náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ méjì, ọ̀kan fún ẹni tó ń lọ, ọ̀kan fún ẹni tó máa wá a bó bá pẹ́. Ọdẹ wa kò sì ní yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ tó ní ọmọ lẹ́yìn. Ó rẹ̀ mí báyìí, ẹ dìde, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Bí ẹ bá gba etí omi kọjá, ẹ wo àwọn ọkọ̀ náà bí wọ́n ṣe tò ní méjì méjì. Bí ẹ bá sì rí ọ̀kan tó dá wà, ẹ má kọjá lọ o. Ẹ bèèrè ẹni tó lọ.